Orin Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn eyín náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, tó wá gbọ́ orin tó ń ti yàrá kékeré ẹ̀yìn jáde, á rò pé wọ́n ń fa eyín ẹnì kan láì fún un lábẹ́rẹ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ti gbé báàgì wọn rí pé àwọn ń lọ sílé, pé eyín àwọn ò dun àwọn mọ́. Akọ̀wé tó ń gbàlejò ló máa ń dá wọn dúró.

"Ẹ jókòó, ẹ jàre," á ní. "Kò sẹ́ni tó ń kú níbẹ̀. Ìyá Olórin ló ń ṣiṣẹ́."

Ìyá Olórin ò kọrin jẹun o. Òun ló ń ya fọ́tò eyín níbẹ̀, òun náà ló sì ń fọ fíìmù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ń rí ihò tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ lára eyín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́dàá ń pín ohùn, ó jọ pé ó ti tán kó tó kàn án. Orin rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí orin gidi, àmọ́ tó bá dé ibi tó yẹ kó gòkè, á yà bàrá, á wá máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tó ṣìlé. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dùn, ó mọ̀ pé onítọ̀hún fẹ́ tọrọ nǹkan ni.

Ilẹ̀kùn ló sọ ọ́ di olórin. Fíìmù eyín, tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ọ̀tá ìmọ́lẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti bó rọ́bà ara rẹ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án, àfi iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú yàrá dúdú, títí á fi gba inú omi àkọ́kọ́ tó ń yọ àwòrán jáde, dé inú omi tó ń mú àwòrán náà dúró. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé tì. Èyí ṣeé tì rí. Nígbà tí ìkọ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ já, káfíńtà dé, ó fi ìka kan férémù, ó ní omi ti jẹ igi náà, pé ìṣó ò lè dúró níbẹ̀ mọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gílóòbù pupa tó yẹ kó máa tàn lókè ilẹ̀kùn níta náà jó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Ni obìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí orin bá ń dún, fíìmù wà níhòòhò, kẹ́nikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, kó wọlé.

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, àṣà ló dà. Dókítà á ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn, á gbọ́ orin, á ki ọwọ́ náà bọ àpò, á yí padà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ á fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri, á dúró. Dókítà máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ àwọn ló dára jù láyé, torí pé olè ò lè jí i, kò sì sí olè tó máa wù láti jí i. Ìyá Olórin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Orin kan ṣoṣo ló ń kọ, èyí tí ìyá rẹ̀ fi máa ń pè wọ́n wálé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé:

Tètè dé o, òjò ń bọ̀,
Aṣọ wà lórí okùn,
Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí,
Tètè dé o, ọmọ mi.

Tó bá kọ ọ́ láìkánjú, tó sì tún àwọn ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń tún kọ kọ, nígbà tí orin bá fi máa parí, fíìmù ti jinná nínú omi àkọ́kọ́. Aago wà lára ògiri yàrá náà, àmọ́ kì í sábà wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èrò ò pọ̀, Ìyá Olórin ń nu ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ tó fi ń nù ún dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò sí bó ṣe lè ṣì í mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Nígbà tí baba wọn kú, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀, tó jókòó sídìí máṣíìnì, kí àbúrò rẹ̀ lè máa lọ. Owó ilé ìwé Ìyá Olórin, látorí àkọ́kọ́ dórí ìkẹyìn, inú ihò abẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n kì í sì í fi àlùmọ́gàjí gé òwú. Eyín iwájú ló fi ń já a, pá, á tu ìyókù dànù, á máa bá iṣẹ́ lọ. Tí wọ́n bá bá a wí, á ní, "Ojoojúmọ́ ni àlùmọ́gàjí ń sọnù. Èmi ò tíì wá eyín mi tì rí."

Wọ́n ní ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, ká má tíì sọ ti ọmọ ìyá. Ìjà tiwọn ti tó ọdún mẹ́ta, láti ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn. Lẹ́bàá pósí, nígbà tí gbogbo èèyàn dákẹ́ lọ gbári, àbúrò lanu, ó bẹ̀rẹ̀ orin "Tètè dé." Kò tíì dé ìlà kẹta tí ẹ̀gbọ́n fi yíjú sí i lójú gbogbo ayé. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ta ló ní kó o kọrin?" Àwọn kan wolẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ aládùúgbò rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò gbẹ́nu dákẹ́ lóòótọ́, ó sì dákẹ́ kọjá ibi tí wọ́n rán an. Láti ọjọ́ náà, kò yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, kò ránṣẹ́ kí i, ẹ̀gbọ́n náà ò sì ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọnú eegun. Nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀ nìkan ló ti ń kọ orin yẹn, níbi tí kò sí ẹni tó lè wojú rẹ̀.

Ó wá di pé wọ́n jọ dúró síwájú ara wọn nínú yàrá fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n fi gèlè bo ètè òkè tó wú bí bọ́ọ̀lù.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Ìyá Olórin wí.

Kò pè é ní Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ. "Káàárọ̀," ló dáhùn.

Dókítà wọlé tẹ̀ lé wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lè fa eyín erin láì làágùn, àmọ́ ìjà obìnrin méjì ń bà á lẹ́rù. Kò mọ ohun tó wà láàárín wọn. Ó ṣàlàyé pé màmá aránṣọ fẹ́ fi eyín já òwú jíǹsì, eyín náà dún kẹ́, láti ìgbà náà ló ti ń mì tó sì ń gún un. "Gbòǹgbò rẹ̀ ni mo fẹ́ rí," ó ní. "Tó bá ti sán, àfi ká yọ ọ́. Tí kò bá sán, a máa tọ́jú ẹ̀, yóò dúró."

"Ẹ bá mi fi sílẹ̀ síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n sọ lábẹ́ gèlè. "Eyín iwájú ni. Bí mo bá rẹ́rìn-ín sí oníbàárà láìsí i, á rò pé mo fẹ́ gbé òun mì."

Ìyá Olórin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó fi ẹ̀wù òjé, tí ìtànṣán ẹ̀rọ ò lè gbà kọjá, bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. Ó gbé fíìmù náà sẹ́yìn eyín tó ń dùn ún, ó ní kó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tì í mú. Ó rí àtàǹpàkò náà. Ojú abẹ́rẹ́ kún orí rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Bí fíìmù ṣe kan àjà ẹnu báyìí, èébì gbé ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kò ju ọwọ́ sílẹ̀. Ìyá Olórin di orí rẹ̀ mú kó lè dúró gún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Irun ibẹ̀ ti ń funfun, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

"Ẹ má mì, mà." Ó sá sẹ́yìn ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà dún tíì. Ó yọ fíìmù, ó nù ún. Ẹ̀gbọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan.

"Ó tán," ni Ìyá Olórin yára wí. "Ẹ dúró síbí," ó sì bọ́ sínú yàrá dúdú.

Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó tan iná pupa, ó bó rọ́bà funfun tó wà lára fíìmù, ó yọ bébà dúdú àti òjé pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀, ó fi irin kékeré tó ń di fíìmù mú há a. Ó lanu láti kọrin. Pátákó lásán ni ògiri tó wà láàárín òun àti yàrá fọ́tò. Ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń túnra jókòó, ó gbọ́ bó ṣe fọn imú. "Ta ló ní kó o kọrin?" Ó jọ pé àná ni wọ́n sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kò lè pa nǹkan lára. Ó ri fíìmù bọ omi àkọ́kọ́, ó gbójú lé aago tí ọwọ́ rẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lára ògiri, ó sì dúró wọ̀ọ̀.

Lóde, ẹ̀gbọ́n dìde. Ìyá Olórin gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ẹ̀yìn, ó rò pé ilé ìtọ̀ ló ń wá. Ó fa fíìmù sókè díẹ̀ láti wo bí àwòrán ṣe ń jáde.

"Ṣé àbúrò mi ló wà níbí?"

"Àwọn ni, mà," ni akọ̀wé tó ń kọjá lọ dáhùn. "Ẹ ṣí i wọlé. Wọn ò kọrin, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Kí Ìyá Olórin tó ké, ilẹ̀kùn ti ṣí, ìmọ́lẹ̀ ti ya wọlé, ó sì ti bo fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀ báyìí ló ṣe ń ṣú. Ìgbà tó fi máa rì í padà sínú omi, ó ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò.

"Yéè!" Akọ̀wé gbá àyà. "Ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni? Ẹ ò mà kọrin!"

"Mo mọ̀."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n wọlé o! Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan..."

"Mo ní mo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Ẹ̀gbọ́n ń wo ọ̀kan, ó ń wo ìkejì. "Orin wo?"

Akọ̀wé ò mọ ohun tó ń bẹ nílẹ̀, ó bá ń ṣàlàyé tọkàntọkàn. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, mà. Tí wọ́n bá wà nínú òkùnkùn, wọ́n á máa kọrin, ká lè mọ̀ pé ká má ṣílẹ̀kùn. Látìgbà tí mo ti débí, wọn ò dákẹ́ rí. Tètè dé o, òjò ń bọ̀..." Ó kọ ọ́ dáadáa ju ẹni tó ni ín lọ.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ lára gèlè tó fi bo ẹnu. "Orin yẹn?" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Kí ló wá dé tó ò kọ ọ́ lónìí?"

Ìyá Olórin wo fíìmù dúdú ọwọ́ rẹ̀. Irọ́ wà ńlẹ̀ tó lè pa, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀, ìgbàgbé. Kò rí ìkankan gbé.

"Torí pé ẹ wà ńbẹ̀ ni, Àǹtí."

Dókítà yọrí láti yàrá rẹ̀, ó rí fíìmù, ó rí ojú àwọn obìnrin náà, ó ní bí ó bá jẹ́ pé yíyà á lẹ́ẹ̀kejì máa ni màmá lára jù, òun kúkú lè yọ eyín náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo àbúrò rẹ̀ nìkan. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí tábìlì, ó sì wọlé padà.

"Tún un yà," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó padà sórí àga fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó sọ fún un, ó ti na àtàǹpàkò sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ètè ti tún wú sí i, ìrora náà sì pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀wù òjé. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò gbójú kúrò lára àbúrò rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tí fíìmù jáde, ó dìde tẹ̀ lé e.

"Àǹtí, kò sáyè níbẹ̀."

"Mo máa fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn mi ò tíì jẹrà tó férémù yín."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wọnú yàrá dúdú. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn gbágbá. Nínú iná pupa, Ìyá Olórin ò rí ju ìlà gèlè rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jáde àfi tí kò bá sí ojú tó ń wò ó. Ó di fíìmù mú lọ́wọ́, kò tíì bó o.

"Kọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbẹ́nu dákẹ́."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Lójú gbogbo ayé, Àǹtí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá."

"Mo ní mo mọ̀." Ó tún ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. "Ṣé o rò pé torí ohùn ẹ ò dáa ni?"

"Kò kúkú dáa."

"Kò dáa rárá! Ta ló purọ́ fún ẹ pé ó dáa?" Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ètè ò jẹ́. "Àmọ́ lọ́dọ̀ ta lo ti gbà á? Ṣé o rántí bí Màmá ṣe máa ń kọ ọ́? 'Aṣọ wà lórí okùn.' Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà, gbogbo àdúgbò á máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ náà nìwọ ń yà sí. Ibẹ̀ gan-an." Ó mí kanlẹ̀. "Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti di ara mi mú. Èmi làgbà, èmi ni gbogbo èèyàn ń wò. Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní sunkún títí wọ́n fi máa bo Màmá tán. Ìwọ wá lanu, ohùn Màmá ló jáde. Mo rò pé àwọn ni wọ́n ń pè mí. Ká ní o kọ ìlà kan sí i ni, ǹ bá wó lé pósí yẹn lórí. Ni mo bá jágbe mọ́ ẹ."

Omi ń kán nínú ọpọ́n, tó, tó. Láti ọdún mẹ́ta, Ìyá Olórin ti ń ru ìtìjú tí kò sẹ́ni tó dì í lé e lórí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo ń retí pé wàá wá, kí n lè sọ fún ẹ. O ò wá. Mo wá bínú pé o ò wá. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Torí kí n lè sọ ọ́ ni mo ṣe ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Má bínú, àbúrò mi."

Ìyá Olórin fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó bó fíìmù náà, ó fi irin kékeré náà há a. Ó lanu.

"Tètè dé o, òjò ń bọ̀..."

Ó rì í bọ omi. Ohùn rẹ̀ dé orí okùn tí aṣọ wà, ó sì yà bàrá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Ó sun ún sókè, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, èjìká rẹ̀ ń gbá ilẹ̀kùn gìdì gìdì. Ìyá Olórin ò dákẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dákẹ́, fíìmù wà níhòòhò. Nígbà tó yá, ẹkún náà rọlẹ̀, ohùn kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin náà láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ètè tí kò fẹ́ pàdé. "Tètè dé... tètè dé..."

Orin parí. Ó ṣan fíìmù lómi, ó gbé e sínú omi tó ń mú àwòrán dúró, wọ́n sì tún orin náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà á sókè sí iná pupa. Gbòǹgbò eyín náà gùn, ó mọ́, kò sí ìlà kankan tó gé e kọjá. Lẹ́nu eyín ni nǹkan wà, kòtò kékeré kan tó ní etí dídán, níbi tí òwú ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá Olórin wò ó pẹ́. Ó mọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ já òwú náà.

"Ó ti sán?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Dókítà ló máa sọ ọ́ tán. Lójú tèmi, kò sán. Yóò dúró, Àǹtí." Ó dá fíìmù padà sínú omi. "Àmọ́ ẹ lọ ra àlùmọ́gàjí."

"Ìwọ ni wàá rà á. Wàá sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ."

"Màá gbé e wá."

Fíìmù ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ìmọ́lẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Iná ṣeé tàn, ilẹ̀kùn ṣeé ṣí. Ìyá Olórin mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ dókítà tó ń bọ̀ wá béèrè fọ́tò, ó gbọ́ bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé orin náà sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbè é. Dókítà dúró díẹ̀ níta, ó sì yí padà.